Bí Mo Ṣe Kó Ọmọ Ọ̀mọ̀ Wálé

Ẹ fún mi láyè kí n na ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, òun ló ń rántí ọ̀rọ̀ yìí jù. Ẹni tí igbá ẹmu bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó rọra gbé e kalẹ̀, nítorí ibì kan ń bọ̀ nínú ìtàn yìí tó lè mú ẹmu gba ihò imú jáde. Èmi Ọdẹ́yalé tí ẹ ń wò yìí, èmi tí èmi àti ẹfọ̀n ti wo ojú ara wa títí tó fi jẹ́ pé ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú, èmi tí àwọn ìnàkí mọ ìró ikọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń kí mi ní pẹ̀lẹ́, ìrìn kan ṣoṣo ni mo rìn láyé mi tí n kò yin ìbọn níbẹ̀ rárá, tí n kò sì pa ẹran kankan bọ̀. Ìrìn náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi. Igi ni mo lọ wá. Ògúnṣèyè, má rẹ́rìn-ín. Mo ní igi ni mo lọ wá.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré lágbo yìí, ẹ ò mọ bí Ìdí-Ọ̀mọ̀ ṣe rí nígbà náà. À ń pe ìlú wa ní Ìdí-Ọ̀mọ̀, kò sì sí igi ọ̀mọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Àlejò á dé, á béèrè pé níbo ni ọ̀mọ̀ náà wà, gbogbo wa á wá máa wo ilẹ̀ bí ẹni tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. A ti la ìrókò sí pákó, a ti sun ayùnrẹ́ di èédú, a ti ta arère fún àwọn onígẹdú. Nígbà tí ìjì ọdún náà wá gbéra, kò bá ohunkóhun lójú ọ̀nà tí yóò bi í pé níbo lò ń lọ. Ààrin ìlú ló wọ̀ tààrà. Páànù ilé mẹ́tàdínlógún ló ká lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, bí ẹni ń ṣí ewé ẹ̀kọ.

Obìnrin kan wà láàárín wa tí à ń pè ní Màmá Fẹ́yíṣará. Amọ̀kòkò ni, opó ni, kò sì ga ju ìdajì ìbọn mi lọ. Páànù ilé tirẹ̀ ni ìjì kọ́kọ́ gbé. Oko ẹ̀gẹ́ kan ní abúlé kejì la ti rí i, ó nà gbalaja lórí ebè bí ẹni tó ń sinmi. Màmá rù ú wálé fúnra rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ kalẹ̀, kò tilẹ̀ wá ìṣó, ilé Baálẹ̀ Látọ̀ọ́nà ló kọrí sí, ó ní kí wọ́n pe ìlú jọ. A pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí igi tí a lè jókòó sábẹ́ rẹ̀. Òjìji ògiri ilé Baálẹ̀ la sá sí. Bí òjìji ṣe ń sún ni àwa náà ń gbé àpótí wa tẹ̀lé e, tó fi jẹ́ pé ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló parí sí.

Màmá Fẹ́yíṣará dìde. Ó ní, "Páànù tí mo bá kàn lónìí, ìjì ni mo kàn án dè. Igi ni kí a gbìn. Ogójì ilé la jẹ́ nílùú yìí. Kí ilé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ ihò márùn-ún sí ìhà ibi tí ìjì ń gbà wọlé."

Baálẹ̀ ní, "Màmá, èyí tí a gbìn níjọ́sí ńkọ́? Ṣebí ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́ tán."

"Ewúrẹ́ ta ni, Baba?"

Baálẹ̀ gbójú sókè bí ẹni tó ń wá òjò. Mọ́kànlá ni ewúrẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó láyà láti sọ fún un pé kó so wọ́n. Màmá náà kò sọ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló gbé okùn lọ bá a. Ó ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di orí okùn yìí mú díẹ̀." Baálẹ̀ dì í mú. Màmá fa ìdí okùn lọ, ó so ó mọ́ ọrùn òbúkọ ńlá tó jẹ́ olórí gbogbo ewúrẹ́ Baálẹ̀, ó wá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Baba. Ẹ ti so tiyín. Mo ń lọ sọ fún àwọn yòókù pé Baálẹ̀ fúnra wọn ti so ewúrẹ́." Kí oòrùn tó wọ̀, kò sí ewúrẹ́ kan tó ń rìn kiri nílùú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, igba ihò ti là sílẹ̀ ní Ìdí-Ọ̀mọ̀, wọ́n tò lọ rẹrẹ, wọ́n la ẹnu sílẹ̀, kò sì sí ohun tí a máa fi sínú wọn.

Ọ̀mọ̀ ni gbogbo ènìyàn fẹ́, kí orúkọ ìlú lè padà bá ìlú mu. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀ ti tán ní gbogbo agbègbè wa, àfi ní Igbó Adákẹ́gbọ́rọ̀, níbi tí ọdẹ mẹ́ta ti wọ̀ rí, tó sì jẹ́ pé ajá wọn nìkan ló bọ̀. Màmá béèrè pé ta ni yóò lọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, nígbà tí wọ́n dárúkọ ọ̀mọ̀, nǹkan kan gún mi láyà, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Mo fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tèmi yìí, ó ti jáde síta kí n tó rí i dì mú. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ta ni ẹ tún ń wá nígbà tí Ọdẹ́yalé jókòó síbí?" Ìlú pàtẹ́wọ́. Màmá fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àjàní, òjò kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ó bá rọ̀ kí o tó dé, ihò á dí, n kò sì lè mú wọn gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì."

N kò ní fi ohun tí mo jẹ àti ibi tí mo sùn dá yín lágara. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni mo wọ Igbó Adákẹ́gbọ́rọ̀. Igbó náà kò dún. Ewé ń mì, kò dún. Odò ń ṣàn lórí òkúta, kò dún. Èrò ọkàn mi nìkan ni mo ń gbọ́, ó sì ń ké bí ẹni tó ń polówó. Ibẹ̀ ni mo ti rí wọn: ọ̀mọ̀ ńláńlá, ìdí wọn ṣú, àwọn ọmọ wọn sì wà nílẹ̀ yíká, ewé mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Mo sọ ìbọn kọ́ èjìká, mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ sí èyí tó wà níwájú.

Ohùn kan sọ létí mi pé, "Ṣé o ti kí i?"

Mo fò! Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ mọ̀ pé n kì í fò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo fò bí ọ̀pọ̀lọ́ tó jókòó lé ẹyín iná. Nígbà tí mo padà balẹ̀, mo rí i. Ó kúrú bí odó, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ èèpo igi, etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ó sì ń fi wọ́n fẹ́ ara rẹ̀. Ìka mẹ́wàá ló wà ní ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, irúgbìn kan sì ń hù ní orí ìka kọ̀ọ̀kan. Ìgbín kan ń gbé ní abíyá rẹ̀, ó yọjú wò mí, ó tún wọlé padà. Apá ojú rẹ̀ kan ń rẹ́rìn-ín, ìkejì lejú koko. Ó ní Abárúgbìnṣọ̀rẹ́ ni orúkọ òun, òun sì ni ìyá gbogbo ohun tó ń hù níbẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i, mo kí àwọn ọmọ igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọrùn fi ń dùn mí. Mo wá jíṣẹ́ ìlú mi fún un.

Ó ní, "Ẹni tó bá máa gbé ọmọ mi lọ, mo gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tó jẹ́. Kí ló ń fi ẹsẹ̀ jẹun, tó ń fi orí mí?"

Mo ní, "Igi ni, Ìyá."

"Kí ni wọ́n ń kọ́kọ́ sin kó tó jí?"

"Irúgbìn ni." Ara mi ti ń yá gágá. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá èyí tó le fún mi. Ní ìdílé tiwa, ọmọ ọwọ́ ló ń dáhùn irú èyí."

Ó fi etí fẹ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ó dáa. Ta ló gé ọ̀mọ̀ tó kẹ́yìn ní Ìdí-Ọ̀mọ̀?"

Mo ní, "Àwọn onígẹdú ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo wolẹ̀, mo rí i pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ti gùn, ó ti fọ́ bàtà, ó ti wọ inú ilẹ̀, ó sì ń mu omi. Mo sọ fún yín, mo ń gbọ́ adùn omi náà láti ẹsẹ̀! Abárúgbìnṣọ̀rẹ́ tún ní, "Ta ni?"

Mo ní, "Áà, mo ṣì í sọ ni, Ìyá. Ìjì ni. Ìjì ló wó o, gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀." Pọ́n! Ewé kan yọ ní ihò etí mi ọ̀tún. Orúnkún mi kọ̀, kò ká mọ́. Àwọn eèrùn kan tò wá láti ẹ̀yìn igi, wọ́n gun ẹsẹ̀ mi, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gba ilé, ìgbín abíyá náà sì ti na ọrùn jáde pátápátá láti wòran. Ọ̀fun mi ti ń le bí èèpo. Mo wá mọ ohun tó ṣe àwọn ọdẹ mẹ́ta ìjọ́sí. Mo wo igi mẹ́ta kan tí wọ́n dúró papọ̀ nítòsí, mo rí i pé ọ̀kan nínú wọn gbé èjìká sókè bí ẹni tó gbé ìbọn kọ́.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan," ni Abárúgbìnṣọ̀rẹ́ wí. "Ta ni?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni. Okété kan ni mo lé títí tó fi kó sí ihò ìdí ọ̀mọ̀ náà. Mo na igi sínú ihò, kò jáde. Mo kó èéfín sí i, kò jáde. Inú bí mi pé okété lásán ń fi èmi Ọdẹ́yalé ṣe yẹ̀yẹ́, ni mo bá gbé àáké. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán ni mo fi gé igi tí baba baba mi bá láyé. Nígbà tó wó, mo sọ fún ìlú pé atẹ́gùn ló wó o, wọ́n sì bá mi kẹ́dùn. Oṣù méje lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjì gba ojú ibẹ̀ gan-an wọlé, tó ká páànù Màmá Fẹ́yíṣará. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, omi sì ń bọ́ lójú mi sórí ewé etí mi.

Abárúgbìnṣọ̀rẹ́ tún fi etí fẹ́ ara rẹ̀. Ó wá ní, "Okété náà ńkọ́?"

"Ó sá lọ, Ìyá."

"Ó sá lọ." Apá ojú rẹ̀ tó lejú bú sẹ́rìn-ín, èyí tó ń rẹ́rìn-ín sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Mo máa fún ọ ní igba. Ohun tí o sọ fún mi yìí, wàá sọ ọ́ lójú ìlú rẹ kí ẹnikẹ́ni tó gbin èyíkéyìí. Ohun kejì: títí wọn yóò fi tẹ erùpẹ̀ mọ́ ìdí èyí tó kẹ́yìn, o kò gbọdọ̀ fọ́nnu. Àwọn ọmọ mi ò fẹ́ ariwo. Ìgbàkigbà tí o bá fọ́nnu, ọ̀kan á padà wálé."

Mo ní, "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?" Ó fẹ́ atẹ́gùn sí mi lẹ́sẹ̀, gbòǹgbò tú, ewé etí mi já. Ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi yìí, igi ni títí di òní. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó wá fi èékánná kàn án.

A to igba ọmọ igi sínú agbọ̀n, a fi ewé tútù di ìdí wọn. N kò tíì rìn ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ tí mo sọ nínú ọkàn mi pé, "Ọdẹ́yalé, ta ló tún lè ṣe irú èyí?" Fìrì! Ọmọ igi kan bẹ́ sílẹ̀, ó dúró lórí gbòǹgbò rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì sáré padà bí ọmọ adìyẹ tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Mo lé e. Mo pariwo pé, "Ta ló ń sáré fún èmi tí mo lé ẹtu mú!" Fìrì! Òmíràn bẹ́. Mo ní, "Háà, ẹnu mi yìí lágbára o!" Fìrì! Mo bá já ewé, mo fi dí ara mi lẹ́nu. Báyìí tí mo ń sọ̀rọ̀ fàlàlà níwájú yín, ẹ jẹ́ kí n gbádùn ara mi, igi ti ta gbòǹgbò, ọ̀ràn ti tán.

Ní ọjọ́ kejì ìrìn àbọ̀, mo dé odò ńlá kan tó jẹ́ pé igi gbọọrọ kan ṣoṣo ni afárá rẹ̀. Ẹnìkan jókòó lórí àpótí ní àárín afárá náà. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn ilé ìjọsìn, ẹnu méjì ló sì ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹnu òkè ń fọ́nnu, ẹnu ìsàlẹ̀ ń jẹ́rìí sí i.

Ẹnu òkè ní, "Èmi ni Afọ́nnumárẹ̀ẹ́! Èmi ni mo kọ́ òjò bí wọ́n ṣe ń rọ̀!"

Ẹnu ìsàlẹ̀ ní, "Òótọ́ ni!"

"Kò sí ẹni tó ń kọjá níbí àfi ẹni tó bá fọ́nnu jù mí lọ. Ẹni tí mo bá borí, mo máa ń gbé e mì ni, kí n lè fi ìtàn rẹ̀ kún tèmi."

"Òótọ́ ni!"

Ẹ wo wàhálà! Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, mo ní èèyàn lásán ni mí. Ó ní òun ti mọ̀, òun rí i lójú mi pé ẹran kò bẹ̀rù mi. Ẹran kò bẹ̀rù èmi! Ewé bọ́ lẹ́nu mi. Mo sọ ti ẹfọ̀n, mo sọ ti ẹkùn tó yá mi ní ihò rẹ̀ sùn, mo sọ ti erin tí mo fi ìwò nìkan lé sẹ́yìn. Agbọ̀n orí mi ń ta pọ́ún-pọ́ún bí gúgúrú nínú ìkòkò, àwọn ọmọ igi ń bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń sá lọ tẹ̀lé ara wọn. Bí mo bá sì ti sọ ọ̀kan, ẹni yẹn á sọ èyí tó jù ú lọ. Nígbà tí mo rántí ara mi, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ti lọ níbẹ̀, tí a bá kó o pọ̀ mọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó di ọgọ́ta. Afọ́nnumárẹ̀ẹ́ sì ti ya ẹnu méjèèjì, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ìbẹ̀rù ló là mí lọ́yẹ. Ara mi ni wọ́n ní n kò gbọdọ̀ yìn, wọn kò sọ pé kí n má yin ẹlòmíràn. Mo ní, "Dúró! Ṣé o mọ Màmá Fẹ́yíṣará?"

Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún un. Mo ní kò ga tó àpótí tí ìwọ jókòó lé. Ìjì gbé òrùlé rẹ̀, ó rìn lọ bá a, ó rù ú bọ̀. Ogójì ilé tí wọn kì í fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan, ó mú kí wọ́n gbẹ́ igba ihò láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, fún igi tí ojú wọn kò tíì rí. Mo fetí sí agbọ̀n, kò sí èyí tó mì.

Ẹnu òkè rọra béèrè pé, "Kò sí igi, wọ́n sì gbẹ́ ihò?"

"Igba."

"Ta ló mú kọ́bọ́kọ̀ dúró tì wọ́n?"

"Kò sẹ́ni tó mú kọ́bọ́kọ̀. Àgbà obìnrin náà ń gbẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ iwájú ni. Baálẹ̀ gan-an ló di okùn mú tí wọ́n fi so òbúkọ rẹ̀."

Afọ́nnumárẹ̀ẹ́ padà jókòó, àyà rẹ̀ sì ń rọ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ tí afẹ́fẹ́ ń jáde nínú rẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó síbí, n kò tíì mú ẹni méjì ṣe nǹkan kan papọ̀ rí."

Ẹnu ìsàlẹ̀ ní, "Òótọ́ ni."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà. Bí mo ṣe ń kọjá, ó ní kí n bá òun kí obìnrin náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹfà ni mo wọ ìlú, òjò ti ṣú dúdú. Gbogbo Ìdí-Ọ̀mọ̀ tú jáde. Wọ́n ní, "Àjàní, báwo lo ṣe rí i ṣe?" Mo ní, "Ẹ kú ilé." Wọ́n ń retí ìyókù, kò wá. Ìyàwó mi fi ọwọ́ kan ọrùn mi bóyá ibà ni. Mo gbé agbọ̀n sílẹ̀ níwájú Màmá Fẹ́yíṣará, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́, okété, àáké, irọ́, gbogbo rẹ̀. N kò tíì gbé ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí, èmi tí mo ti gbé àgbáǹréré.

Màmá wo ilé rẹ̀, ó wò mí. "Okété?"

"Okété ni, Màmá."

"O fi ọ̀mọ̀ wa pa okété."

"N kò rí i pa, Màmá. Ó sá lọ."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tètè gbé e mì. Màmá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Inú bí mi, Àjàní. Ó máa bí mi fún ọjọ́ mélòó kan. Má bẹ̀ mí, jẹ́ kí n bínú mi tán. Ṣùgbọ́n òjò ń bọ̀. Gbé agbọ̀n síbí."

A gbìn ín. Màmá ń lọ láti ihò dé ihò, ó ń fi ìka tó fi ń mọ ìkòkò tẹ erùpẹ̀ mọ́ ìdí wọn. Fún ọgọ́ta ihò tó ṣẹ́kù, kálukú sáré lọ ilé, wọ́n mú ọmọ àgbálùmọ̀, wọ́n mú ìsin, wọ́n mú ọsàn. Bí wọ́n ṣe tẹ èyí tó kẹ́yìn mọ́lẹ̀ ni òjò já. Lójú òjò náà ni Màmá ti dájọ́ mi. Ó ní láti ọjọ́ tí òjò bá dá títí di ọjọ́ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀, èmi ni n ó máa pọn omi fún wọn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi pọn ọ́n. Ẹ̀yin ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ sọ mí ní Ọdẹ́yalé Apọnmi, ẹ rò pé n kò gbọ́. Èyí tó kú nínú wọn kò ju mọ́kànlá lọ. Ìjì ṣì ń wá, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró ní ìta ìlú, á kùn, á mi ewé, á gba ibòmíràn lọ.

Ní ọdún kẹjọ, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà dé. Wọn kò dé díẹ̀díẹ̀. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n dé, wọ́n so ilé kún orí ọ̀mọ̀, wọ́n sì ń pariwo láti ìdájí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè sùn mọ́. Wọ́n ní kí n gbé ìbọn wá, kí n yìn ín sókè lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè tú ká. Mo gbé e. Mo bá Màmá Fẹ́yíṣará ní ìdí igi, amọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbójú sókè.

Ó ní, "Àjàní, ta ló pe àwọn èyí?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó pè wọ́n, Màmá."

Ó ní, "Igi, àwa la gbìn ín. A ò gbin ẹyẹ o. Wọ́n kàn dé ni." Ó wá ń rẹ́rìn-ín títí amọ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ìbọn ti igi, mo jókòó tì í, a jọ ń gbọ́ ariwo wọn títí etí fi ń dùn wá.

Ọ̀rọ̀ mi dúró níbẹ̀. Ẹ gbé ẹmu yín.